Ọkùnrin Mẹ́fà Tí Kò Làágùn

Sheffield,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta, 2024.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ẹ̀ ń fi òróró tí mo fi ránṣẹ́ pa á, àbí ẹ ti gbé e fún ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Gbọ́ládé, bí ẹ ti gbé súwẹ́tà èṣí fún wọn? Mo mọ̀ yín. Òtútù ibí kò tíì lọ, ṣùgbọ́n ara mi le. Ilé àwọn arúgbó ni mo ṣì wà, yàrá ìfọṣọ náà ni wọ́n ṣì fi mí sí.

Ẹ ní kí n má kọ ọ̀rọ̀ gidi sí yín lórí wásáàpù, pé ẹnu lásán ni fóònù, ìwé ni ilé ọ̀rọ̀. Mo gbọ́. N óò ya fọ́tò lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí Peace ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, kó bá mi tẹ̀ ẹ́ fún yín.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo ní. Ìwé kan tó ń tẹ ìtàn kúkurú jáde ní èdè wa ti gba ìtàn mi. Àkọ́kọ́ rèé. Ó wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí, kò gùn rárá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ní kíláàsì kẹrin, ẹ kọ ọ́ sójú pátákó pé gbólóhùn àkọ́kọ́ ni kó di òǹkàwé lọ́wọ́ mú, gbólóhùn ìparí ni kó má jẹ́ kó lè lọ sílé. Mo gbìyànjú méjèèjì. Ẹ fi bírò pupa yín sàmì sí i, kí ẹ fún mi ní máàkì lórí mẹ́wàá. Ẹ má ṣojú àánú nítorí pé ọmọ yín ni mí.

Ó ku nǹkan kan. Mo ti gba ìsinmi oṣù Kejìlá. Ọdún mẹ́fà ti pé tí mo ti kúrò nílé, n kò sì tíì fojú kan sàréè Màmá rí àfi nínú fóònù. Òkúta tí a ó fi bò ó ni mo fẹ́ kí a gbé kalẹ̀ kí n tó padà. Ẹni tó máa gbẹ́ orúkọ sí i ní kí n mú gígùn àti ìbú wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gun òkè lọ wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo ń bẹ̀ yín rèé, bíi pé ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí orúnkún ni, ẹ rán ẹlòmíràn.

Ọmọ yín tí kì í gbàgbé,
Fúnminíyì.

ÒKÈ

Fóònù mi ló bá mi sin ìyá mi.

Mo gbé e lé orí ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo fi páálí ọṣẹ tì í lẹ́yìn kó má ṣubú. Aṣọ àwọn arúgbó ń yí nínú ẹ̀rọ. Ní ìlú wa, oòrùn ti là. Mo rí àwọn obìnrin tí wọ́n wé gèlè, mo rí bàbá mi nínú agbádá tó ti tóbi jù fún un.

Ọkùnrin mẹ́fà gbé pósí. Òkè wa ga. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí a bá pọnmi gùn ún, ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń sọ korobá kalẹ̀ kí a tó dé ilé. Nẹ́tíwọ̀kì ń já. Bí àwòrán bá dúró, ìyá mi náà á dúró láàárín òkè, bí ẹni tó ń wẹ̀yìn bóyá mò ń bọ̀. Bó bá tún ṣí, wọ́n á ti lọ síwájú.

Mo ka ìṣísẹ̀ wọn. Wọn kò sinmi. Ẹnìkan nínú wọn ju ọwọ́ sí ará àdúgbò tó kí i. Nígbà tí wọ́n dé òkè, ẹni tó ń ya fídíò sún mọ́ wọn, mo sì wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò sí ẹni tó làágùn nínú wọn.


Òkè Ọ̀kà,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹta, 2024.

Fúnminíyì,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Orúnkún mi kò burú.

Ta ni ó sọ fún ọ?

N kò ní bínú títí n óò fi gbọ́ tẹnu rẹ, ṣùgbọ́n àyà mi kò tíì padà sí ibi tó wà. O mọ ìṣe mi. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo fi kọ́ ọmọ níwèé, n kì í yẹ àròkọ wò kí n tó kà á sókè. Mo gbà pé ìgbà tí etí bá kọ́kọ́ bá a pàdé ni a ń mọ̀ bóyá ó dára. Nítorí náà, bí Peace ṣe tẹ ìtàn rẹ tán, mo ká a sápò, n kò wo ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Mo gbé e lọ sí ìpàdé àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ní Ìkàrẹ́. Mo dìde, mo ní, "Ẹ fetí sí ohun tí ọmọ mi kọ." Ìgbéraga ló gbé mi dìde, n kò ní purọ́.

O mọ bí ìpàdé àwọn olùkọ́ ti ń rí. Gbogbo wa la fẹ́ sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́. Ẹni kan ń bó ẹ̀pà, akọ̀wé ń wá gíláàsì rẹ̀ tó wà lórí rẹ̀. Mo ka gbólóhùn àkọ́kọ́. Ẹni tó ń bó ẹ̀pà dáwọ́ dúró. Mo ka ìkejì, mo ka ìkẹta, kẹ̀kẹ̀ pa. Èmi tí mò ń kà á gan-an gbàgbé pé ìyàwó mi ni wọ́n ń gbé lọ. Mo ń sáré kà kí n lè mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bó bá gùn ni, n bá ti rí ibi sá sí nínú rẹ̀. Ìtàn ojú ewé kan kò ní kọ̀rọ̀. Kí n tó fura, ẹnu mi ti dé ìdí rẹ̀, mo sì ti sọ ọ́ sókè létí gbogbo wọn pé kò sí ẹni tó làágùn.

Mo gbójú sókè. Alága ní, "Máa kà á lọ." Mo yí ìwé padà, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Ó ní, "Ìyókù dà?" Mo ní ó ti tán. Ni àríyànjiyàn bá dé. Ọ̀kan ní ìtàn tí kò parí ni, ọ̀kan ní ìwọ yóò ti gbàgbé ojú ewé kan nílé. Èkẹta, arábìnrin kan tó kọ́ ọmọ ní Afin, ní, "Kí ló wá wà nínú pósí yẹn?" Ẹ̀rín ni gbogbo wọn fi gbà á.

Ọdẹ́yẹmí kò rẹ́rìn-ín. O rántí rẹ̀, òun ló kọ́ ọ ní ìṣirò, ó sì wà lára àwọn mẹ́fà tó gbé ìyá rẹ. Ìlà iwájú ló jókòó sí. Ó wò mí, mo wò ó. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde, kò kí ẹnikẹ́ni.

Ṣé Iyìọlá ni? Yàtọ̀ sí èmi, àbúrò ìyá rẹ yẹn nìkan ló mọ̀, ó sì búra lórí Bíbélì. Kọ ọ́ fún mi bó bá jẹ́ òun ni. Má tẹ̀ mí láago. Má sì jẹ́ kí Bàbá Gbọ́ládé gbọ́ ohunkóhun lẹ́nu rẹ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.


Sheffield,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìpàdé. N kò mọ èyí tí n óò kí yín kú nínú rẹ̀.

Ta ni ó sọ kí ni fún mi?

Mo ka lẹ́tà yín ní ìdúró, mo tún jókòó kà á, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ìtàn mi ni mo ní kí ẹ sàmì sí. Ẹ kò sàmì, ẹ kò fún mi ní máàkì, ẹ ní Bọ̀dá Iyìọlá búra. Kí ló búra lé lórí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí gbólóhùn yẹn ṣe wá. Mo rí i ni. Bí mo ti kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló ṣẹlẹ̀, ní yàrá ìfọṣọ, fóònù lórí ẹ̀rọ. Mo rí i pé wọn kò sinmi, mo sì rí i pé ojú wọn gbẹ. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé àìsàn ti jẹ Màmá tán, pé kò wúwo mọ́ ju korobá omi lọ. Ó dùn mí débi pé n kò lè kọ ọ́ síwájú sí i. N kò mọ ohun tí mo lè fi tẹ̀ lé e, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró síbẹ̀. Ẹkún ló parí ìtàn náà, kì í ṣe ọgbọ́n.

Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún mi. Ẹ̀yin ni ẹ wá sọ fún mi báyìí pé ohun kan wà láti sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Fúnminíyì.


Sheffield,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹrin, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú àìfọhùn. Ó ti ku díẹ̀ kó pé oṣù kan. Peace ní ẹ ti gba lẹ́tà mi, pé ẹ kà á lórí àga ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ ká a, ẹ lọ.

Mo pè yín ní fóònù, ẹ gbé e, ẹ ní, "A óò kọ̀wé," ẹ pa á. Ṣé bí a ti ń ṣe rèé?

Mo ṣe ohun tí n kò ṣe láti ọdún 2021. Fídíò ìsìnkú náà, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn ọjọ́ náà, ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo wò ó. Tẹ́lẹ̀, ojú ẹkún ni mo fi ń wò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú obìnrin Afin yẹn ni mo fi wò ó. Ẹnì kan tí kò mọ̀ mí rí béèrè ohun kan, n kò sì lè rí fídíò náà bí mo ti ń rí i tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo rí Tísà Ọdẹ́yẹmí tó fi ọwọ́ kan di pósí mú, tó ń fi èkejì dáhùn ìkíni. Mo rí ibi tí wọ́n ti yà níbi àpáta, tí pósí gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè fẹ́ẹ́, bí àtẹ tí kò sí ọjà lórí rẹ̀. Mo rí ẹ̀yin náà. Gbogbo ènìyàn ń wo pósí, ẹ̀yin ń wo ọwọ́ àwọn tó gbé e.

Mo pa fóònù, mo sì jókòó sórí ilẹ̀ láàárín aṣọ àwọn arúgbó tí n kò tíì fọ̀.

Èmi ni mo kọ ìtàn yẹn, n kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bàbá, kí ló wà nínú pósí Màmá?

Fúnminíyì.


Òkè Ọ̀kà,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Karùn-ún, 2024.

Ọmọ mi,

Naomi, ọmọ ará Ṣúpárè tó ti ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún wá wo ìyá rẹ̀, ló gbé lẹ́tà yìí bọ̀. N kò lè jẹ́ kí Peace ya fọ́tò èyí. Bí o bá ń kà á níbi iṣẹ́, dáwọ́ dúró, kà á nílé.

Aṣọ ló wà nínú pósí. Ìró ìyá rẹ mẹ́fà, ìrọ̀rí méjì, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ àti ìwé orin rẹ̀. Ìyá rẹ kò sí lórí òkè Ọ̀kà. Ùgbè ló wà, lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀. Èmi àti Iyìọlá la sin ín síbẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ méjì kí ìwọ tó wo ohun tí o wò.

Mo ti kọ ọ́.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìyá rẹ kú, ó ní kí n gbé àga òun síta. Ó ní, "Tísà, mo ti bá yín gbé ọdún méjìdínlógójì, mi ò jẹ yín ní gbèsè sùúrù. Ẹ jẹ́ kí n lọ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi." Mo rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ibà.

Kí a tó bí ọ, a bí ọmọkùnrin kan. Oṣù mẹ́sàn-án ló lò. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ùgbè ni ìyá rẹ wà nígbà tí ọmọ náà kú. O mọ̀ pé a kì í fi ibi tí a sin ọmọ sí han ìyá tó bí i, a kì í sì í dárúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́. A ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwọ kò fi gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n ìyá ìyá rẹ kò lè wo ẹkún ọmọ rẹ̀, ó mú un lọ lẹ́yìn ilé, ó fi hàn án lábẹ́ igi ọsàn. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tí ìyá rẹ bá ní òun ń lọ sí Ùgbè lọ ra iṣu, igi ọsàn ló ń lọ bá. Mo jẹ iṣu yẹn fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, n kò fura.

Kí ló dé tí n kò wí fún ẹbí? O mọ Bàbá Gbọ́ládé. Òun ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn bàbá wa. Kí àìsàn ìyá rẹ tó le, ó ti ní ìyàwó ilé wa kò ní sùn níta, ó ti fi ẹsẹ̀ fa ìlà síbi tí wọn óò gbẹ́. Ìgbà wo ni mo já ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ rí? Ojo ni mí, Fúnmi. Mo lè na ọmọ kíláàsì mẹ́fà, n kò lè wo ojú Gbọ́ládé kí n ní rárá.

Káfíńtà ni Iyìọlá. Ó kan pósí méjì, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Àìsàn kòrónà tó wà níta nígbà náà ló bá wa gbé e: nígbà tí mo ní wọn kò ní ṣí pósí, kò sí ẹni tó bá mi jiyàn. Mo ro ti ìdérí, mo ro ti ìṣó, mo ro ti ohun tí n óò sọ fún pásítọ̀. Èmi tí mo máa ń sọ fún ọ pé kí o ṣàkíyèsí, n kò ro ti ìwúwo. Ìgbà tí wọ́n gbé e lé èjìká ni mo tó rí i. Láti ìsàlẹ̀ òkè títí dé òkè, ọwọ́ wọn ni mo ń wò. O rí i dáadáa.

Mo fẹ́ sọ fún ọ. Lọ́jọ́ náà, ò ń sunkún nínú fóònù, o ní, "Bàbá, ẹ gbé mi sún mọ́ ọn." Mo gba fóònù lọ́wọ́ ẹni tó ń ya fídíò, mo gbé ọ sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn èyí, báwo ni mo ṣe máa sọ pé aṣọ ni mo gbé ọ sún mọ́? Mo ní tí o bá dé, n óò sọ. O kò dé. Oṣooṣù lò ń ní kí n bá ọ kí i lórí òkè, oṣooṣù ni mo ń gun òkè lọ kí ìrọ̀rí, n óò sì tún wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ùgbè lọ kí òun fúnra rẹ̀. Ìyẹn ló ba orúnkún mi jẹ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè wọn ohunkóhun.

Mo rò pé o mọ̀. Mo ka ìtàn rẹ bí ìwé ìpẹ̀jọ́. Nígbà tí o ní o kò mọ̀, ìtìjú mi di méjì. Má ṣe gbé òkúta wá sórí òkè Ọ̀kà.

Bàbá rẹ ni mí síbẹ̀.


Sheffield,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà, 2024.

Bàbá,

Ẹ kú ilé.

Naomi fún mi ní lẹ́tà yín ní ibùdókọ̀, ó ní ẹ ní kí n kà á nílé. Mo kà á síbẹ̀. Ó ń bi mí bóyá ẹnìkan kú.

Mo ti fi ọdún méjì àti ààbọ̀ sunkún sórí ìrọ̀rí. Mo ti fi ọjọ́ ìbí Màmá ra òdòdó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún mi lórí òkè, òdòdó lórí ìró àti bàtà. Ẹ sì rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò náà. Ta lẹ̀ ń rín? Inú ń bí mi débi pé n kò lè jẹun. Kì í ṣe nítorí ibi tí ẹ sin ín sí. Ó tọ́ sí i. Bí ẹ bá bi mí, n bá ní kí ẹ gbé e lọ. Ẹ kò bi mí. Ẹ fi mí sáàárín àwọn tí wọ́n ń tàn jẹ.

Mo sì ní ẹ̀gbọ́n. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí, lẹ́tà ni mo fi mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni àkọ́bí.

Àwọn tó tẹ ìtàn mi kọ̀wé pé àwọn òǹkàwé ń béèrè ohun tó wà nínú pósí. Ọkùnrin kan ní owó ni wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ní òun mọ̀ pé ìyá náà wà láàyè, pé ó sá lọ ni. Ohun tó wà nílé kálukú ló ń kó wá síbi tí mo fi sílẹ̀ lófo. Mo rò pé èmi ni mo fi àyè yẹn sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ti fi í sílẹ̀ kí n tó débẹ̀.

Ẹ má wọn nǹkan kan. N kò mọ̀ bóyá n óò wá mọ́.

Fúnminíyì.


Òkè Ọ̀kà,
Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kẹfà, 2024.

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. O kò ní láti dá mi lóhùn.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù ti dé. Láti ìpàdé ni wọ́n ti ń ya fọ́tò ìtàn rẹ kiri, ó dé Ọ̀kà. Ní Sátidé tó kọjá, mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí Bàbá Gbọ́ládé tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, àwọn márùn-ún tó kù tẹ̀ lé e. Àwọn mẹ́fà tó gbé pósí yẹn gan-an. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, ojú mi nílẹ̀, bí mo ti jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ọ.

Bàbá Gbọ́ládé ní kí n dìde, pé eruku ń wọ̀ mí nímú. Ó jókòó, ó ní:

"Ọlálérè, èmi ni mo wà níwájú lápá ọ̀tún. Mo ti gbé bàbá wa, mo ti gbé ìyá wa, mo ti gbé àbúrò wa méjì. Ṣé o rò pé n kò mọ bí òkú ti ń wúwo? Ìṣísẹ̀ kìíní ni mo ti mọ̀."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ kò béèrè?"

Ó ní, "Níbo? Lójú èrò? Kí n sọ pósí kalẹ̀ kí gbogbo Ọ̀kà máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́? Mo ní ohun tó lè mú Ọlálérè purọ́ fún mi, àfi kó jẹ́ ohun tó tóbi. Mo dúró kí o wá sọ. O ò wá. Ọdún kìíní, o ò wá. Ọdún kejì, o ò wá. Àfi ìgbà tí ọmọ rẹ kọ̀wé láti ìlú òyìnbó."

Ọdẹ́yẹmí ló tún mú ọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń ti òun. Nígbà tí kò wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, ó rò pé àwọn márùn-ún tó kù ló ń gbé e, pé òun ń ṣọ̀lẹ lábẹ́ òkú ìyàwó ọ̀rẹ́ òun. Ọdún méjì àti ààbọ̀ ló fi ń gbé ẹ̀bi ìyẹn. Ìgbà tí mo kà á sókè pé kò sí ẹni tó làágùn nínú wọn ni ìdí rẹ̀ tó yé e, ìdí sì nìyẹn tí kò fi lè dúró. Ni ìkẹta bá ní bí òun náà ti rò ó nìyẹn. Ni ìkẹrin ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ń wo ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé.

Mo rò pé a ó jà. Bàbá Gbọ́ládé dìde, ó ní, "Bọ́ọ̀sì Ìkàrẹ́ ṣì wà. Ẹ jẹ́ ká lọ kí ìyàwó wa." Àwa méjèèje la lọ. Iyìọlá rí wa lókèèrè, ó fẹ́ sá. Nígbà tí a dé ìdí igi ọsàn, ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà, ó fi èdè Ọ̀kà pọ́ńbélé sọ pé, "Ìyàwó, a wá kí ọ ní ulé ìyá rẹ. Má bínú pé ọ̀nà jìn sí wa." Mo sunkún bí ọmọdé. N kò ní fi bò.

Ó rán mi sí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé irọ́ wà nínú ìtàn rẹ, pé òun làágùn. Àtẹ́lẹwọ́ òun ni fóònù rẹ kò rí. Ó ní àtìsàlẹ̀ dé òkè ni ọwọ́ òun ń yọ̀, tí òun ń gbàdúrà kí ẹsẹ̀ ẹnì kan má yẹ̀, kí pósí má já, kí ìdérí má ṣí, kí ojú má ti àbúrò òun.

Mo ti sàmì sí i. Mẹ́sàn-án lórí mẹ́wàá. Òógùn ẹ̀gbọ́n mi ni máàkì tó kù.

O ní kí n má wọn nǹkan kan. Mo ti wọ̀n ọ́n ní Ùgbè. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀ ní gígùn, mẹ́ta ní ìbú. Bí o bá ń bọ̀, ó wà níbẹ̀. Bí o kò bá wá, mo mọ ẹni tó fà á.

Bàbá rẹ.


Sheffield,
Ọjọ́ keje, oṣù Keje, 2024.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá Gbọ́ládé, ẹ ní mo gba àtúnṣe wọn, kò sì sí bí mo ṣe lè fi í kún ìtàn mọ́, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Àwa la mọ̀.

Inú ṣì ń bí mi sí yín. N óò gbé e bọ̀ wálé, a óò jọ jókòó tì í ní oṣù Kejìlá.

Olùkọ́ ni yín, ẹ sì ti fi ìdáhùn kan sílẹ̀. Ìwọ̀n sàréè kan lẹ fi ránṣẹ́. Ẹ wọn èkejì. Òkúta méjì ni mo fẹ́. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi fún mi, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà kí ẹni tó ń gbẹ́ ẹ má baà ṣì í.

Fúnminíyì.


Ùgbè,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje, 2024.

Fúnmi,

Ìdí igi ọsàn ni mo ti ń kọ èyí, lórí itan mi. Èmi tí mo kọ́ ọ pé ìkíni ló ń ṣáájú, má bínú.

JESSE.

Ọdún mọ́kàndínlógójì rèé tí mo ti kọ ọ́ kẹ́yìn. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá wọ́, kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n kọ.

Ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀.